Ọmọ Òṣómàálò Ra Ilé Ọ̀sẹ̀ Kan

Houston, Texas,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, 1997.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú àdánìkangbé. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn, èmi àti Ṣùbòmí ọkọ mi, àti Joshua ọmọ ọmọ yín, tó ti pé ọmọ ọdún márùn-ún báyìí, tó sì ń bi mí lójoojúmọ́ bóyá ẹ ní irùngbọ̀n. Mo ní ẹ ní in. Tẹ́ ẹ bá ti fá a, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún dá a sí.

Báwo ni orúnkún yín? Ṣé ẹ ṣì ń gun àtẹ̀gùn ilé yẹn bí ọmọ ogún ọdún? Mo ti fi oògùn rán Edith sí yín. Ẹ rántí Edith tá a jọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìdí-Àràbà; ọsibítù kan náà la tún ti ń ṣiṣẹ́ níbí. Ó ń bọ̀ ní Lagos nígbà Àjíǹde, á gbé e dé ilé fún yín.

Bàbá, ẹ jókòó kẹ́ ẹ tó ka ibi tó kàn yìí. A ti ra ilé. Etí òkun ló wà, ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Galveston, bí ìrìn wákàtí kan nínú mọ́tò sí ibi tá à ń gbé. Ó ní yàrá méjì àti páálọ̀, ilé ìdáná rẹ̀ ní gbogbo nǹkan títí kan ṣíbí, ó sì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan lókè téèyàn lè jókòó sí kó máa wo omi títí oorun á fi gbé e lọ.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n pè wá lọ́jọ́ Sátidé kan pé ká wá jẹun àárọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn á sì fún wa ní tẹlifíṣàn kékeré kan. A jẹun náà dáadáa. Ẹyin tí mo jẹ nìkan tó mẹ́rin. Ọkùnrin kan tí ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ jókòó tì wá fún odindi wákàtí mẹ́rin, nígbà tá a sì máa fi dìde, a ti di onílé. Apá tó dùn jù níbẹ̀ ni pé káàdì ni mo fi san èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀, káàdì tí kò gba èlé rárá. Màá ṣàlàyé rẹ̀ fún yín tó bá yá.

Ẹ̀yin ni mo rò tí mo fi rà á. Látìgbà tí mo ti gbọ́njú, mi ò rí i kẹ́ ẹ lọ síbì kan kẹ́ ẹ lọ sinmi. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, tiyín ni.

Ọmọ yín,
Ọláníkẹ́.


Àgùdà, Surulere, Lagos,
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin, 1997.

Níkẹ́ mi, ọmọ ẹkùn,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, Edith náà gbé oògùn dé, orúnkún sì ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀. Irùngbọ̀n wà níbẹ̀. Sọ fún Joshua pé ó ti funfun, òun ló ń dúró dè.

O ní kí n jókòó, mo jókòó. Nígbà tí mo kà á tán, mo dìde, mo sì jó, pẹ̀lú orúnkún yìí náà. Tìrìmísíyù, aládùúgbò wa ìsàlẹ̀ tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Ládìpọ̀, gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi lókè orí rẹ̀, ó sáré gòkè wá, ó rò pé mo ti ṣubú ni. Mo ka lẹ́tà náà fún un. Àwa méjèèjì jọ jó.

Nígbà tí a ṣe ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà, mo dìde, mo ní ọmọ mi obìnrin ti nílé létí òkun ní Amẹ́ríkà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Alága ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í gbẹ lẹ́nu, kí n ra mínírà fún gbogbo ilé. Mo ra kéréètì mẹ́rin, n kò sì kábàámọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù. O mọ Mùíz, ọmọ Tìrìmísíyù. Ó ti rí físà ilé-ìwé gbà sí Texas yẹn náà, oṣù kẹjọ ni yóò dé. Mo ti fún un ní yàrá ẹ̀yìn nínú ilé rẹ tó wà létí òkun. Ilé tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀, èkúté ni yóò sọ ọ́ di tirẹ̀. Mùíz yóò máa bá ọ gbálẹ̀, yóò sì máa ṣí fèrèsé. Bàbá rẹ̀ ti ń fi ẹja díndín dúpẹ́ lọ́wọ́ mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Má sì gbàgbé àdéhùn wa. Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kejìlá ni n ó pé àádọ́rin ọdún. Láti ọdún tó kọjá ni o ti ní ò ń tọ́jú owó tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọdún kẹsàn-án rèé tí o ti lọ. N kò béèrè aṣọ, n kò béèrè bàtà. Ojú rẹ ni mo fẹ́ rí, kí n sì gbé ọmọ yẹn lé ẹsẹ̀.

Káàdì wo ni kì í gba èlé? Ṣàlàyé rẹ̀ fún mi dáadáa. Òwò àwìn ni mo fi tọ́ ọ dàgbà, mo sì fẹ́ mọ ẹni tó ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
T. Morákinyọ̀.


Houston,
Ọjọ́ kọkànlá oṣù karùn-ún, 1997.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Inú mọ́tò níwájú ọsibítù ni mo ti ka lẹ́tà yín. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà mo fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Bàbá Mùíz pé kí Mùíz má gbé ẹrù rẹ̀ lọ sí Galveston. Èmi ni mo jẹ̀bi, mi ò ṣàlàyé tó. Ilé náà kì í ṣe tiwa ní gbogbo ọdún. Ọ̀sẹ̀ kan la rà nínú rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélọ́gbọ̀n, tó máa ń bọ́ sínú oṣù kẹjọ, láti Sátidé dé Sátidé. Ọdọọdún títí láé, tiwa ni ọ̀sẹ̀ yẹn. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànléláàádọ́ta tó kù, àwọn mìíràn ló ni ín. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ta irú ilé yẹn níbí.

Ní ti káàdì, ẹgbẹ̀rún méje ó lé igba dọ́là ni owó ọ̀sẹ̀ náà. Iléeṣẹ́ tó tà á fẹ́ yá wa lówó pẹ̀lú èlé, Edith ní kí n má gbà. Àwọn bánkì ibí máa ń fi káàdì ránṣẹ́ síni láìbéèrè. Wọ́n á ní, ná an, a ò ní gba èlé kankan fún oṣù mẹ́fà. Mo gba méjì, mo kó ẹgbẹ̀rún méjì ó lé irínwó lé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lórí. Mò ń san díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Tí oṣù mẹ́fà bá ti fẹ́ pé, màá gba káàdì tuntun lọ́wọ́ bánkì mìíràn, màá fi san ti àkọ́kọ́, oṣù mẹ́fà ọ̀fẹ́ míì á tún bẹ̀rẹ̀. Ọdún kejì rèé tí Edith ti ń ṣe é, kò tíì san kọ́bọ̀ èlé. Owó ọ̀fẹ́ ni, Bàbá.

Ó ku ẹgbẹ̀rún méjì ó lé irínwó. Mo ti ń yí po ibí yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà. Owó tíkẹ́ẹ̀tì wa ni. Òun ni mo fi san àsanṣáájú. Mo rò ó pé dípò ká wá nígbà Kérésì, ẹ̀yin lẹ máa wá bá wa ní oṣù kẹjọ, ká ṣe àádọ́rin ọdún yín létí òkun kó tiẹ̀ tó pé. Màá kọ ìwé ìpè fún físà yín.

Wọ́n fún wa ní ọjọ́ mélòó kan láti yí ọkàn padà. Ṣùbòmí ní kí n rò ó. Ó ti gbé tírélà rẹ̀ lọ sí California kí n tó rò ó tán, ọjọ́ náà sì ti kọjá kó tó dé.

Ẹ má bínú sí mi.

Níkẹ́ yín.


Àgùdà,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹfà, 1997.

Ọláníkẹ́,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ara mi le.

Mo ní láti sọ̀kalẹ̀ lọ bá Tìrìmísíyù. Àtẹ̀gùn mẹ́tàlá péré ló wà láàárín wa, kò gùn tó báyẹn rí. Mo ṣàlàyé fún un pé ilé tí mo fún ọmọ rẹ̀ ní yàrá nínú rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún ni. Ó ní, "Bàbá, tó bá wá di ọjọ́ kẹjọ ńkọ́, ṣé wọ́n á ní kí Níkẹ́ jáde ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Kí ló wá fi yàtọ̀ sí hòtẹ́ẹ̀lì?" Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wá èsì. Tí o bá rí i, fi ránṣẹ́ sí mi.

Ní ti ẹgbẹ́, n kò tíì sọ fún wọn. Wọ́n ti mu mínírà náà tán.

Ó dà bí ẹni pé o ti gbàgbé iṣẹ́ tí mo ṣe. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà tí mo tẹ̀lé ọ̀gá mi kúrò ní Iléṣà. A ru aṣọ lórí láti abúlé dé abúlé, à ń tà á láwìn fún àgbẹ̀. A kì í gba èlé. Aṣọ tí wọ́n ń tà ní ṣílè mẹ́wàá níbòmíràn, àwa á tà á ní mẹ́rìndínlógún, àgbẹ̀ á sì máa dúpẹ́ pé a ò gba èlé. Tí ọjọ́ owó bá pé tí kò san án, a ó ti lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, a ò ní dìde títí owó yóò fi jáde. Ìyẹn ni wọ́n fi ń pè wá ní òṣómàálò. Nítorí náà, má sọ fún èmi pé àwìn kan wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ń ta àwìn láìgba èlé mọ ibi tí èrè òun wà. Tiwa wà nínú iye tá a dá lé aṣọ. Ti bánkì rẹ, bí mo bá mọ òwò yìí rárá, ó wà nínú ọjọ́ tí o bá gbàgbé. Wọn ò dúró de nǹkan mìíràn ju ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn lọ.

Àwọn oníbàárà kan tún wà tó máa ń gba aṣọ lọ́wọ́ òṣómàálò kejì, tí wọ́n á tà á fi san ti ẹni àkọ́kọ́. Wọ́n rò pé a ò mọra wa. Ilé kan náà la sì ń sùn, ìkòkò kan náà la fi ń sebẹ̀. Tí irú wọn bá fi dé ọ̀dọ̀ ẹni kẹrin, gbogbo wa ti mọ orúkọ wọn. Edith rẹ ò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹni kẹrin ni.

Èyí tó dùn mí jù ni ti tíkẹ́ẹ̀tì. Mo bínú, n kò sì ní pa á mọ́ra. Tó bá jẹ́ òkun lo fẹ́ fi hàn mí, òkun wà ní Lagos, n kò sì sanwó rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Ní ti físà, n kò ní lọ tò sínú oòrùn ní ọjọ́ ogbó mi kí ọmọ kékeré kan máa bi mí bóyá n ó padà wálé.

Dá ilé náà padà fún wọn. Kí o wá sílé.

T. Morákinyọ̀.


Àgùdà,
Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ, 1997.

Níkẹ́,

Ọ̀sẹ̀ méje rèé tí n kò rí ìwé rẹ. Mo tún lẹ́tà tí mo kọ sí ọ kà, nítorí òṣómàálò kì í fi ìwé ránṣẹ́ kó má ní ẹ̀dà rẹ̀ nílé. Mo rí i pé ó gbóná jù. Mo tún rí i pé n kò béèrè Joshua. Báwo ni Joshua?

Mùíz yóò gbéra lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù yìí. Ilé-ìwé rẹ̀ ti fún un ní yàrá, kò ní da ẹnikẹ́ni láàmú. N ó fi ẹ̀gúsí lílọ̀ rán an sí ọ.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kọ̀wé.

Bàbá rẹ.


Houston,
Ọjọ́ keje oṣù kẹsàn-án, 1997.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀. Ẹ dárí jì mí. Gbogbo ìgbà tí mo bá mú bíírò ni mò ń rí yín níwájú mi tẹ́ ẹ lóṣòó, ni mo bá ń gbé e sílẹ̀.

Mùíz mú ẹ̀gúsí dé, a ti fi sebẹ̀. Ọmọlúàbí ọmọ ni. Ó jókòó sí páálọ̀ wa, ó wo yíká, ó ní, "Àǹtí Níkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ilé etí òkun yẹn ńkọ́?" Ṣùbòmí rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ síta.

A lo ọ̀sẹ̀ wa. Mi ò ní parọ́ fún yín, ó dùn. Joshua tọ́ òkun wò, ó ní ta ló da iyọ̀ sí i. Mo sùn fún wákàtí mẹ́sàn-án lọ́jọ́ kan, mi ò rántí ìgbà tí mo ṣe irú rẹ̀ kẹ́yìn. Nígbà tó di Sátidé, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, obìnrin kan kan ilẹ̀kùn pé ká máa bọ̀ níta, àwọn tó kàn ti dé. Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò wọn pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, wọ́n ń wò wá bá a ṣe ń kó ẹrù jáde. Mo rántí ìbéèrè Bàbá Mùíz. Èmi náà wá èsì rẹ̀ títí dé Houston, mi ò rí i.

Lẹ́tà mẹ́ta la bá nílé. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù ló yẹ kí n san owó oṣooṣù lórí káàdì kìíní. Mo ń so iṣẹ́ ọ̀sán mọ́ ti òru lọ́sẹ̀ yẹn kí n lè ráyè lọ sí etí òkun, ọjọ́ kẹrìndínlógún ni mo san án. Ọjọ́ kan péré, Bàbá. Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ti parí nìyẹn, kí n máa san èlé méjìlélógún lórí ọgọ́rùn-ún, pẹ̀lú owó ìtanràn. Ti káàdì kejì, oṣù mẹ́fà rẹ̀ ti pé, bánkì tuntun tí mo kọ̀wé sí sì ní àwọn ò lè fún mi, gbèsè ọrùn mi ti pọ̀ jù. Ẹ̀yin lẹ ti sọ ọ́. Lẹ́tà kẹta, iléeṣẹ́ ilé ló kọ ọ́: irínwó dọ́là lọ́dọọdún fún ìtọ́jú ilé. Mi ò rántí pé wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún wa. Ó lè jẹ́ pé ẹyin ló kún ẹnu mi nígbà náà.

Mo ti pè wọ́n lórí fóònù ní ìgbà mọ́kànlá pé kí wọ́n gba ọ̀sẹ̀ wọn padà. Wọ́n á ní kí n dúró, wọ́n á fi orin sí i, orin náà á sì gé.

A ò lè wá nígbà Kérésì. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo gbà ṣírò rẹ̀. Inú balùwẹ̀ ni mo lọ sunkún sí kí Joshua má bàa gbọ́. Kí ni kí n ṣe, Bàbá?

Níkẹ́.


Àgùdà,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án, 1997.

Níkẹ́ mi,

Nu ojú rẹ nù. Ẹnì kan láti ilé àwọn Edith ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lálẹ́ òní, òun ni mo fi ìwé yìí rán, kó má bàa pẹ́.

Fóònù kì í gba owó, ìwé kì í gba owó. Ara ni í gbà á. Má pè wọ́n mọ́. Lọ lóṣòó tì wọ́n.

O lè ní ìwọ kọ́ lo tajà, ìwọ lo rà á. Kò sí èyí tó kàn mí níbẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni òṣómàálò. Má lọ sí ọ́fíìsì wọn, kò sí ẹni tí yóò rí ọ níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń fún àwọn ẹni tuntun lóúnjẹ àárọ̀ ni kí o lọ. Onígbèsè kì í bẹ̀rù òṣómàálò, ojú àwọn aládùúgbò tó ń kọjá ló ń bẹ̀rù. Wọ aṣọ tó mọ́. Gbé àpótí kékeré ìyá rẹ tí o mú lọ nígbà tí ò ń rìnrìn àjò, orí rẹ̀ ni kí o jókòó sí, nítorí ẹni tó ni àga ló lè ní kí o dìde lórí àga. Má gbé ohùn sókè, má bú ẹnikẹ́ni, má sì pe ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá bi ọ́ ní ìbéèrè, òtítọ́ ni kí o fún un, kó má sì gùn. Kí o ka ìwé àdéhùn wọn dáadáa kí o tó lọ, kí o mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti tẹ̀.

Èyí tó ju gbogbo rẹ̀ lọ: má jẹ oúnjẹ wọn. Omi wọn pàápàá, má fi kan ẹnu. N kò sọ ìtàn yìí fún ọ rí nítorí ojú ń tì mí. Ní 1949, ní abúlé kan lẹ́yìn Ọ̀fà, ọkùnrin kan jẹ mí ní pọ́ùn mẹ́ta. Mo ti lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láti ìdájí. Nígbà tó di ọ̀sán, ìyàwó rẹ̀ gbé iyán wá pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́, ó kúnlẹ̀, ó ní ebi á ti máa pa mí. Ebi sì ń pa mí lóòótọ́. Mo jẹ ẹ́. Nígbà tí mo fọwọ́ tán, n kò lè padà lóṣòó mọ́. Báwo ni èèyàn ṣe máa jẹ iyán obìnrin tán, kó tún sé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ mọ́ ọn? Mo di aṣọ mi, mo sì lọ. Ọ̀gá mi yọ pọ́ùn mẹ́ta náà nínú owó mi. Ó ní òṣómàálò tó bá jẹ oúnjẹ onígbèsè, ó ti fi gbèsè náà jì í nìyẹn.

Ohun tí wọ́n ṣe fún ọ nìyẹn. Wọ́n ti bọ́ ọ kí wọ́n tó tajà fún ọ, ojú sì tì ọ́ láti dìde. Ní báyìí, gbé oúnjẹ tìrẹ lọ.

Bàbá rẹ.


Houston,
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá, 1997.

Bàbá mi, òṣómàálò àgbà,

Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i. Ẹ fara balẹ̀, ó gùn.

Mo ka ìwé àdéhùn wọn bẹ́ ẹ ṣe wí, òru méjì ló gbà mí. Ojú ewé kọkàndínlógún sọ pé onílé lẹ́tọ̀ọ́ láti lo gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ tó bá wù ú nínú ọdún. Gbọ̀ngàn yẹn náà ni wọ́n ti ń fún àwọn èèyàn lóúnjẹ àárọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, aago méje àárọ̀, mo wọ ìró àti bùbá aláró tí màámi fún mi, mo gbé àpótí sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, mo jókòó. Joshua jókòó sórí ẹní pẹ̀lú mọ́tò ìṣeré rẹ̀. Ọkùnrin ẹlẹ́rìn-ín yẹn rí mi, ó dá mi mọ̀. Ó ní ṣé kí òun gbé àga wá. Mo ní rárá, ẹ ṣé. Kọfí ńkọ́? Mo ní rárá, ẹ ṣé. Kí wá ni mo fẹ́? Mo ní kí wọ́n gba ọ̀sẹ̀ wọn, kí wọ́n fún mi lówó mi. Ó ní ọ́fíìsì ò ṣí títí di ọjọ́ Ajé. Mo ní kò burú, màá dúró.

Bàbá àgbàlagbà kan àti ìyàwó rẹ̀ bi mí bóyá èmi náà wá gba tẹlifíṣàn ni. Mo ní rárá o, mo ti ra ọ̀sẹ̀ kan níbí ní oṣù kejì, mo fẹ́ dá a padà ni. Màmá náà gbé fọ́ọ̀kì rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní tẹlifíṣàn wọn ńkọ́, ṣé ó dáa? Mo ní kò tíì tàn rí. Wọ́n dìde. Ìdílé mẹ́fà ló bá wọn dìde kó tó di ọ̀sán. Ẹ̀ṣọ́ wọn dé, mo kí i, mo fi ojú ewé kọkàndínlógún hàn án. Ó kà á, ó tún un kà, ó ní kí n kú ìjókòó.

Lọ́jọ́ kejì, mánijà wọn fúnra rẹ̀ gbé àwo méjì wá. Ẹyin wà níbẹ̀, ẹran wà níbẹ̀, ti Joshua sì ní oyin lórí. Joshua wò mí. Mo ní, "Bàbá àgbà ní rárá." Ó ní, "Bàbá onírùngbọ̀n?" Mo ní òun ni. Ó fi ìka kan ti àwo náà sẹ́yìn. Bàbá, omi bọ́ lójú mi níbẹ̀. Ìrẹsì tútù la jẹ látinú abọ́ wa.

A tún padà lọ ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Aago mẹ́sàn-án ò tíì lù tí mánijà fi pè mí pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Wọ́n gba ọ̀sẹ̀ wọn padà. Wọ́n yọ ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin dọ́là fún èyí tá a ti lò, wọ́n dá ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ààbọ̀ padà fún mi. Mo san káàdì méjèèjì tán, mo fi sísọ́ọ̀sì gé wọn. Edith dúró tì mí, ó ń wò mí bí ẹni ń ṣọ̀fọ̀. Òun náà béèrè káàdì kẹrin tirẹ̀, wọ́n sì ti kọ̀ ọ́. Ó ní kí n béèrè lọ́wọ́ yín bóyá ẹ ń gba ọmọ iṣẹ́.

Èyí tó kù nínú owó náà, Ṣùbòmí fi owó tírélà kún un. Tíkẹ́ẹ̀tì wa wà lórí firíìjì. Òwúrọ̀ ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kejìlá la máa gúnlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ń dẹ́rù bà mí. Ọdún mẹ́sàn-án pọ̀. Àìsí nílé mi nígbà tí màámi kú, ẹ ò fẹnu kàn án rí, èmi ni mò ń kà á. Mo mọ ohun tí mo jẹ yín. Tí mo bá dé, ṣé ẹ ó lóṣòó tì mí?

Níkẹ́ yín.


Àgùdà,
Ọjọ́ ogún oṣù kọkànlá, 1997.

Níkẹ́ mi, òṣómàálò ọmọ òṣómàálò,

Mo ti ka lẹ́tà rẹ fún Tìrìmísíyù lẹ́ẹ̀mẹrin. Tí mo bá dé ibi ojú ewé kọkàndínlógún, á ní kí n padà sẹ́yìn. Ó ní òun ní àwọn oníbàárà kan ní Ládìpọ̀ tí òun máa fẹ́ kí o lọ jókòó tì tí o bá dé.

Mo sọ òtítọ́ fún ẹgbẹ́, láti orí tẹlifíṣàn títí dé orí àpótí ìyá rẹ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ ju ti ìjọsí lọ. Alága ní kí n tún ra mínírà. Mo rà á.

Sọ fún Edith pé n kò gba ọmọ iṣẹ́ tó ní káàdì.

O béèrè bóyá n ó lóṣòó tì ọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni o jẹ mí, n kò sì yọ oṣù kan kúrò níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá dé, n ó ti lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà kí ilẹ̀ tó mọ́, orúnkún ì báà máa ké. Má bá mi sọ nǹkan kan. Gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, wọlé, lọ sí ilé ìdáná. Iṣu yóò wà lábẹ́ tábìlì, odó wà lọ́dọ̀ ìyàwó Tìrìmísíyù, n ó sì ti ra ẹ̀fọ́ yánrin sílẹ̀. Gún iyán, kí o se ọbẹ̀ náà bí ìyá rẹ ṣe máa ń sè é. Kí Joshua gbé e wá bá mi níta.

N ó jẹ ẹ́.

Bàbá rẹ,
Theophilus Morákinyọ̀.